Mo Dí Ọ̀nà Ìpè Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi, Mo Ní Ó Ti Dití

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹ kà á tán ná. Bí ẹ bá kà á tán tí àánú mi ṣì ń ṣe yín, a jẹ́ pé ẹ níwà jù mí lọ, ìyẹn ò sì le.

Mo máa ń rí àwọn tí wọ́n ń jẹ́wọ́ báyìí, tí wọ́n á ní èṣù ló ti àwọn. Èṣù kọ́ o. Èmi ni. Orí mi pé, ojú mi là, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Tẹlifóònù ni iṣẹ́ mi. Kì í ṣe èyí tí à ń fi sápò, ti ilé iṣẹ́ ni mò ń wí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ṣe é fún ọdún mẹ́fà. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ògiri ibi ìgbàlejò, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń pín ìpè wà, ibẹ̀ náà ni èmi wà. Kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ ò fẹ́ ooru, nítorí náà yàrá yẹn máa ń tutù bí omi àmù, súwẹ́tà ni mò ń wọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni Ará Ẹ̀yìn Ògiri.

Ẹni tó wà níwájú ògiri ni Ohùn Oyin. Òun ló ń gbé ìpè àwọn tó fẹ́ rí dókítà, tó ń fún wọn lọ́jọ́ àti wákàtí. Inú yàrá onígíláàsì kan ló ń jókòó sí, òun nìkan, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán tí ẹlòmíràn á wá gbà á. Bí ó bá bá aláìsàn sọ̀rọ̀ tán, gbólóhùn kan náà ló máa ń fi parí ẹ̀: "Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá. Ó dàbọ̀." Ọ̀nà tó ń gbà sọ ọ́ dùn débi pé àwọn kan máa ń pè láti kí i lásán. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, èmi nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n" yẹn kì í ṣe ti orí ahọ́n. Nígbà tí mo dé ìlú yẹn tí mi ò mọ ẹnì kan, orí ẹní rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù mẹ́ta. Màmá rẹ̀ á bu oúnjẹ tèmi kí ó tó bu tirẹ̀. Òun ló kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá Dókítà, ẹni tó ni ilé ìwòsàn, tó ní, "Sà, ẹ gba àbúrò mi yìí síṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Ọwọ́ mi mọ́! Ẹ rín in díẹ̀ kí a tó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ yẹn, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wáyà kan ṣoṣo ló ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wọ ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọ̀nà ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan, ìpè kan. Bí ọgbọ̀n ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n á gbọ́ "tí, tí, tí", á lọ jókòó.

Èmi ni mò ń pín ọgbọ̀n yẹn. Ẹ̀gbọ́n ní méjìlá. Ibi oògùn ní mẹ́rin, ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní mẹ́rin, ọ́fíìsì Ọ̀gá Dókítà ní mẹ́rin. Mẹ́fà tó kù jẹ́ ti gbogbo wa: ẹni tí ìpè bá pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ á yá, tó bá lò ó tán, ẹ̀rọ á gbà á padà. Mo lè yí ìpín náà padà nígbà tó bá wù mí. Mo tilẹ̀ lè fi aago sí i, pé tó bá di aago báyìí, kí ti ibí dín, kí ti ọ̀hún pọ̀, ẹ̀rọ á sì máa ṣe é lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé mo tún fọwọ́ kàn án. Ti pàjáwìrì ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, mi ò dé ibẹ̀. Ìkà ni mí, mi ò ya wèrè.

Ẹ tún fi ohun kan sọ́kàn. Ìpè inú ilé, láti ọ́fíìsì kan sí ìkejì, kò gba inú ọgbọ̀n ọ̀nà yẹn kọjá rárá. Àwọn tó ń pè láti ìta nìkan ló nílò rẹ̀. Ohun kékeré yẹn ló pa Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan, Ọ̀gá Dókítà pè wá jọ. Ó ní òun fẹ́ yan ẹnì kan ṣe olórí gbogbo ọ̀rọ̀ ìpè, ẹni tí á ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ọ́fíìsì tó ní fèrèsé. Ó ní láàárín èmi àti Ohùn Oyin ni òun á ti mú un, ní ìparí oṣù kẹta.

Ara mi yá gágá. Mo ní, "Sà, èmi ni mo mọ ẹ̀rọ yẹn tinú tẹ̀yìn."

Ọ̀gá Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Ará Ẹ̀yìn Ògiri. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn ń pè, àbí Ohùn Oyin?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò rín. Ó fọwọ́ kàn mí lórúnkún lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Má dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá fi mí síbẹ̀, ìwọ ni igbákejì mi."

Igbákejì! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ. Ta ló ń gbé ohùn oyin yẹn dé etí wọn? Ṣebí èmi ni! Bí èmi bá ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ fún wákàtí kan, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé. Mo gbé e jẹun, mo gbé e sùn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni, aago mẹ́sàn-án, ìgbà tí ìpè máa ń ya wọlé. Mo mú méjìlá Ẹ̀gbọ́n, mo sọ ọ́ di òdo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Mo kó méjìlá náà fún ọ́fíìsì Ọ̀gá Dókítà, níbi tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ pè. Mo tún tì í kí ó má lè yá nínú mẹ́fà àjùmọ̀lò. Mo wá jáde lọ síbi ìgbàlejò, mò ń díbọ́n bí ẹni tó ń mu omi, mò ń wò ó nínú gíláàsì.

Ó jókòó. Ó tún ìwé tò. Ó gbé tẹlifóònù sétí, ó gbọ́ pé ó ń hùn, ó gbé e padà. Ó wo aago ara ògiri. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn! Mi ò ní parọ́ fún yín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò sẹ́ni tó ń wá a.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún. Ogún di wákàtí kan. Nígbà tó yá, ó sú mi láti máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, mo bá fi aago sí i: mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, Ajé títí dé Ẹtì. Ẹ̀rọ yẹn kì í gba ètò tí kò lórúkọ, dandan ni kí n kọ nǹkan. Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi."

Ẹ má gbàgbé orúkọ yẹn.

Èmi náà ni mò ń kọ àbọ̀ ìpè fún Ọ̀gá Dókítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń ka àwọn tó pè tí wọn ò rí ọ̀nà wọlé. Màá mú iye yẹn, màá kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ Ẹ̀gbọ́n pé, "Ìpè tó dún tí a kò gbé." Ọ̀sẹ̀ kìíní, mọ́kànlélógójì. Ọ̀sẹ̀ kejì, àádọ́fà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá arúgbó kan tọ̀pá wọlé. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun fi pè láti gba ọjọ́ fún ìyàwó òun, "tí, tí, tí" ni òun ń gbọ́. Ó na ọ̀pá sí gíláàsì Ẹ̀gbọ́n. "Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Ohùn Oyin? O gbé tẹlifóònù sọ́nà ọ̀tọ̀ kí o lè ráyè sùn, àbí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò dún ni."

"Kò dún! Òpùrọ́! Ìyàwó mi ń jẹ̀rora nílé, o ní kò dún!"

Ọ̀gá Dókítà jáde, ó bẹ bàbá, ó mú un wọlé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó pe Ẹ̀gbọ́n láti ibẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni. Tẹlifóònù dún gooro, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìpè inú ilé ni, kò kúkú bá ọgbọ̀n ọ̀nà wa rìn.

Ọ̀gá Dókítà yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Èyí tó dún yìí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wojú mi. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́ bá mi yẹ ẹ̀rọ wò."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, Ẹ̀gbọ́n," ni mo dáhùn. "Kò sí ohun tó ṣe é."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́. A jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìwòsàn níbi tí a ti máa ń jẹun. Kò ṣí abọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Ṣé kì í ṣe etí yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Etí mi? Etí tí mo fi ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń yíra padà lórí ibùsùn?"

"Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún mélòó lẹ ti ń gbé tẹlifóònù sí etí kan náà?"

"Mẹ́sàn-án," ni ó wí. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọlé, mo rí i tí ó fọwọ́ kan etí ọ̀tún rẹ̀. Bí mo bá dá a dúró níbẹ̀, bóyá Ọlọ́run á rí nǹkan kan bá mi sọ.

Mi ò dá a dúró. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wọ inú gíláàsì lọ bá a. Àwa méjì péré ni. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ bàtà kan tí mo fẹ́ rà, mo bá gé ọ̀rọ̀ náà láàárín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń dún."

"Kí ló ń dún?"

"Tẹlifóònù! Ẹ ò gbọ́ ni?"

Ó wo tẹlifóònù. Ó wò mí. Mo nawọ́, mo gbé e sétí. "Ẹ káàárọ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ni. Dókítà ojú? Ọjọ́bọ̀ ni, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá. Ó dàbọ̀."

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń hùn sí mi létí. Mo gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ṣiṣẹ́, mo ti rí ojú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́. Ojú yẹn ni Ẹ̀gbọ́n fi wò mí. Ó ní, "Ìgbà wo ló dún?"

"Ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó dún kí n tó gbé e."

Mo ṣe é fún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ máa bú mi lọ, mo tọ́ sí i.

Ó lọ rí dókítà etí ní ibòmíràn. Wọ́n fi nǹkan bò ó létí, wọ́n ní kí ó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti gbọ́ ìró. Ó padà wá bá mi nínú òtútù mi lẹ́yìn ògiri. "Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe etí mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀ mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọ́n ti yẹ̀ yín wò. Ṣé ibi iṣẹ́ wa nìyẹn?"

Ó mi orí. Dókítà sọ tirẹ̀, èmi sọ tèmi, èmi ló gbà gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kì í mu omi láàárọ̀ kí ìtọ̀ má baà gbé e dìde. Ó ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tẹlifóònù, kí ó lè mọ̀ ọ́n lára tó bá gbọ̀n. Àwọn tó ń kọjá ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń bá wọn rín in.

Ìparí oṣù kẹta pé. Ọ̀gá Dókítà ka àbọ̀ mi sókè níwájú gbogbo wa. Ó bi Ẹ̀gbọ́n pé kí ló rí sọ. Mo ti múra sílẹ̀ dè é. Bí ó bá dárúkọ ẹ̀rọ, mo mọ irọ́ tí màá pa. Kò dárúkọ ẹ̀rọ. Ó kúnlẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ó ń dún lóòótọ́, èmi ni mi ò gbọ́. Etí mi ò dáa mọ́. Àbúrò mi yìí ni ẹlẹ́rìí mi, ojú rẹ̀ ló ṣe."

Ọ̀gá Dókítà yíjú sí mi. "Òótọ́ ni?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni mo ti lè gbà á là. Gbólóhùn kan péré ni. Láti ibi tí mo jókòó sí, mò ń wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tó ní fèrèsé. Wọ́n ti ṣí i sílẹ̀, oòrùn wà lórí tábìlì.

Mo ní, "Òótọ́ ni, sà. Ó dùn mí púpọ̀."

"Ta ló ń fi adití sídìí tẹlifóònù?" Gbogbo wa ni Ọ̀gá Dókítà ń bi, bíi pé Ẹ̀gbọ́n kò sí lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Máa lọ sílé, kí o lọ tọ́jú ara rẹ."

Mo sìn ín dé géètì. Ó gbé ife rẹ̀ àti kàlẹ́ńdà rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun tí o dúró tì mí. Ẹlòmíràn ì bá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kò tó ọpẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

Mo padà wọlé, mo pa ètò yẹn rẹ́ nínú ẹ̀rọ kí n tó jókòó.

Wọ́n fi mí jẹ olórí. Ọ̀gá Dókítà ní olórí kì í gbé ẹ̀yìn ògiri. Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá tútù yẹn lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n má wọ inú ẹ̀rọ mọ́. Ọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti ilé iṣẹ́ tó tà á fún wa ni á máa bójú tó o, òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun tí a fi ń ṣí i. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi kó gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ju súwẹ́tà mi nù. Títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn gbà, èmi ni kí n máa jókòó sínú gíláàsì láàárọ̀ láti gbé ìpè. Mo kọ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń sọ gbólóhùn rẹ̀. Kò dùn tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè.

Oṣù méjì kọjá. Òjò ńlá kan rọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àrá sán, iná ṣe ségesège, ẹ̀rọ ìpè kú. Ọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó yọjú sí mi nínú gíláàsì kí ó tó máa lọ. "Màdáàmù, gbogbo ètò yín ti padà. Ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ẹ̀dà ara rẹ̀ pa mọ́, ìyẹn ni mo lò. Èyí tó dáa jù tí mo bá níbẹ̀ ni ti oṣù kejì."

Mo ní, "O káre." Mi ò ronú kàn án. Aago lu mẹ́sàn-án. Tẹlifóònù dákẹ́.

Oṣù kejì! Ètò tí mo pa rẹ́ ní oṣù kẹta, ó ti jí, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mo sáré lọ sẹ́yìn ògiri, ó wà ní títì. Mo pe ọkùnrin náà, ó ti wà lọ́nà ìrìn àjò. Mo ní kí ó bá mi dárúkọ ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn. Ó ní, "Màdáàmù, Ọ̀gá Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó dé."

Mo jókòó sínú gíláàsì bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Ajé, wákàtí kan. Ìṣẹ́gun, wákàtí kan. Ní Ọjọ́rú, Ọ̀gá Dókítà wọlé bá mi. "Àwọn èèyàn ń ráhùn. Wọ́n ní àwọn ń pè láàárọ̀, o ò gbé e."

Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò rò ó. "Kò dún ni, sà."

Ó dúró. "Kí lo wí?"

"Mo ní kò dún."

"Ibo ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí?"

Mo bá tún fi òmùgọ̀ kún un. Mo ní, "Ó lè jẹ́ etí mi ni, sà."

"Etí ìwọ náà?" Ó wo àga tí mo jókòó sí, ó wo tẹlifóònù, ó wá wò mí pẹ́. "Kí onímọ̀ ẹ̀rọ yẹn wá rí mi ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án. Ìwọ náà wá."

Ní Ọjọ́bọ̀, a kún inú yàrá tútù yẹn. Ọ̀gá Dókítà wà níbẹ̀, ìyá apoògùn wà níbẹ̀, àwọn tó kù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Mi ò wọ súwẹ́tà. Mò ń gbọ̀n, mo sọ fún ara mi pé òtútù ni.

"Sà, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ," ni ọkùnrin náà wí. "Ètò kan ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Láago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ó ń kó gbogbo ọ̀nà ìpè tábìlì ìgbàlejò lọ sí ọ́fíìsì yín. Òdo ló ń ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ìpè inú ilé nìkan ló lè dún."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Orúkọ màdáàmù yìí ló wà lára rẹ̀. Oṣù kìíní ló ti wà níbẹ̀."

Mo pariwo pé, "Ẹnì kan ti lo orúkọ mi! Wọ́n fẹ́ bà mí jẹ́ ni!"

"Ètò náà tún ní orúkọ tirẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. Kò mọ nǹkan kan, ẹ̀rín tilẹ̀ ń pa á. Ó kà á sókè. "'Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi.' Ta wá ni Ẹ̀gbọ́n?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú yàrá yẹn, ẹni tó ń pe ènìyàn ní Ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ìyá apoògùn ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ó tún bọ̀wọ̀ fún un nínú ẹ̀ o! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ènìyàn ló bí ọ?"

Ọ̀gá Dókítà kò pariwo. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Mo pè é ní adití," ni ó wí. "Níwájú gbogbo yín. Èmi dókítà." Ó wá kọjú sí mi. "Jáde kúrò níbí. Lọ sọ ọ́ fún un fúnra rẹ. Mo ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án yìí, bí mo bá débẹ̀ tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ilé ẹjọ́ ni a ó ti pàdé."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tí ẹ ń jowú rẹ̀, ọ̀nà tí mo rìn lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rò. Ilé wọn kò jìnnà, mo fẹ́ kí ó jìnnà. Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì. Màmá ló ṣílẹ̀kùn.

"Ọmọ mi! Ojú rẹ rèé!" Ó dì mọ́ mi, ó fa mí wọlé, ó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. "Jókòó, jẹ́ kí n bu omi fún ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú yàrá. Kí o sọ̀rọ̀ sókè tó bá jáde o." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ilé ìwòsàn méjì ló ti ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá bá àwọn gbé tẹlifóònù. Ó kọ̀. Ó ní òun ò lè tan wọ́n jẹ, adití ni òun. Mo bá a ra nǹkan etí kan tó ń sọ ìró di ńlá fún adití, ó ní ó ń ta òun dé ọpọlọ, síbẹ̀ kò jẹ́ bọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n jáde. Ó ti rù. Nǹkan kékeré kan wà ní etí ọ̀tún rẹ̀. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Màmá níbi ìdáná, Ẹ̀gbọ́n fò sókè bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo rí i, kò yé mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo rọra sọ ọ́ kí Màmá má baà gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tó ṣe etí yín. Èmi ni mo dí ọ̀nà ìpè yín."

Ó fọwọ́ sẹ́yìn etí. "Kí lo wí?"

Mo tún un sọ, ó sókè díẹ̀.

"Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè."

"Èmi ni mo dí ọ̀nà ìpè yín! Mo sọ ọ́ di òdo! Láti oṣù kìíní!"

Ó ń dijú bí mo ti ń pariwo, ojú rẹ̀ ń fà. "Sókè. Ọjọ́ tí o ní ó ń dún tí o gbé e ńkọ́?"

"Kò dún rí! Kò sẹ́ni tó pè! Irọ́ ni mo pa! Etí yín ò ṣe nǹkan kan, èmi ni mo sọ yín di adití kí n lè gba ipò!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún nísàlẹ̀ ti dákẹ́. Télọ̀ ti gòkè wá, téèpù rẹ̀ wà lọ́rùn. Tọkọtaya òdìkejì ti ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó onílé dúró sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Màmá ti yọ láti ibi ìdáná pẹ̀lú ife omi tó bù fún mi. Ó wò mí, ó padà sẹ́yìn, mo sì gbọ́ tí ó da omi náà padà sínú ìkòkò.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Mo sọ ọ́.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó yọ nǹkan yẹn kúrò létí, ó gbé e sílẹ̀ níwájú orúnkún mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti àtijọ́ ni, pẹ̀lẹ́ báyìí. "Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀ẹ̀kíní. Ọjọ́ tí mo ní tẹlifóònù kò dún, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Mo fẹ́ ẹlẹ́rìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo bẹ̀ yín, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dìde, ó di ilẹ̀kùn mú, ó dúró títí mo fi jáde. Láti ọjọ́ tí a ti mọ ara wa, kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá," ni ó wí. "Ó dàbọ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ará ilé dúró lórí àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó yà fún mi, mo ní láti bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rí ọ̀nà kọjá.